Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ojú omi: ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ wa máa bèèrè kí èèyàn wa tó wọkọ̀

Bí mọ́tò bá gbá èèyàn ní títì tó sì sá lọ, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó wà níbẹ̀ máa bi ara wọn ni pé, “Ta ló rí nọ́ńbà ẹ̀?” Lójú omi, ọ̀rọ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé àwọn èèyàn wa lórí odò Ọya àti Bẹ́núè, àti ní agbègbè omi Bayelsa, Rivers, Akwa Ibom títí dé Cross River, kò ní ju orúkọ olówó ẹ̀ tàbí àdúrà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí i lára lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ kan tó gbé èèyàn tó lé ní 150 fọ́ lójú omi nítòsí Warra, ní Kebbi. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó kàgbákò ní agbègbè Pàtígi, èèyàn tó kú sì lé ní 100. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Mokwa, ní ìpínlẹ̀ Niger, ọkọ̀ tí wọ́n ní ó gbé nǹkan bí 300 èèyàn. Ẹ wò ó dáadáa: “nǹkan bí”, “ó lé ní”. Ìfojúdá ni wọ́n sábà máa ń fi ka èrò inú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ní ẹbí tó máa dúró létí odò, tí wọ́n á máa ka àwọn èèyàn wọn. Ta ló máa ka àlejò tó wọkọ̀ lọ ná ọjà, tí ẹbí ẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Igbókòdá?

Òfin ò ṣàìsí. Òfin ọdún 1997 tó dá àjọ NIWA sílẹ̀, tí olú iléeṣẹ́ ẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, fún un lágbára láti yẹ ọkọ̀ wò kó sì fún un níwèé àṣẹ. Ní ọdún 2024, mínísítà Adégbóyèga Oyètọ́lá ṣí ìlànà tuntun fún ìrìn-àjò ojú omi: ẹ̀wù tó ń múni léfòó di dandan, ìrìn òru di èèwọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ nínú ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni àṣẹ lórí àwọn omi wọ̀nyí wà. Ìtumọ̀ ẹ̀ fún àwa tá a wà ní ìpínlẹ̀ míì rèé: tíkẹ́ẹ̀tì tí káńsù já fúnni, tàbí nọ́ńbà tí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ kọ sára ọkọ̀, kò lè dípò ìwé àjọ NIWA.

Ibo wá ni nọ́ńbà máa ń wà? Oríṣi mẹ́ta ni ká mọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ìjọba fúnni. Iwájú ọkọ̀ ló yẹ kó wà, lápá méjèèjì, lókè ibi tí omi ń dé, kí àwọ̀ ẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ara ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ kéré ju ínṣì 3 lọ ní gíga. Ìkejì ni nọ́ńbà iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni, ẹ wo ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, lápá òkè. Wọ́n tún máa ń tẹ̀ ẹ́ síbi tó fara sin, kí olè má baà rí gbogbo ẹ̀ pa rẹ́. Ìkẹta ni nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ onígi tí wọ́n kàn létí odò ò ní ti iléeṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ti ìjọba fi ṣe pàtàkì fún un jù.

A mọ ohun tó ń dí àwọn ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́: ọ́fíìsì jìnnà, owó ń lọ sí i, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé owó orí ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì. Àwọn ọmọ ogun ojú omi máa ń gba ọkọ̀ onígi tí wọ́n fi ń kó epo jíjí, wọ́n sì máa ń ba á jẹ́. Apẹja Ìlàjẹ tí wọ́n dá dúró lójú omi, tí kò nínọ́ńbà tí kò níwèé, ẹnu lásán ló máa fi sọ pé ẹja lòun ń pa. Bí olè bá sì tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lọ, kí ló máa kọ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn?

Nọ́ńbà nìkan ò lè gba ẹ̀mí là. Kò ní kí igi tó ti jẹrà má fọ́, kò sì ní kí atukọ̀ má kó èrò lákòójù. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ ká mọ ẹni tá a máa mú. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe nǹkan mẹ́ta. Kí àwọn ọlọ́kọ̀ inú ẹgbẹ́ kóra jọ, kí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ NIWA wá yẹ ọkọ̀ wọn wò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí akọ̀wé ní ìwé kan tí nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọkọ̀ ya fọ́tò iwájú ọkọ̀ kó sì fi ránṣẹ́ sílé. Bí kò bá sí nọ́ńbà níbẹ̀, ẹ bi ọlọ́kọ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi, kódà lẹ́nu àlejò.