Arìnrìn-àjò Ni Ọmọ Wa, Kì Í Ṣe Ẹrù

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ọyẹ́ tí ó ń gbẹ wá létè ní Tẹ̀dé lọ́dọọdún, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń fẹ́ wá. Eruku ibẹ̀ ń bá wa nílé láìsanwó ọkọ̀; àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń sanwó láti lọ bá a. Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí kò yẹ kí ayẹyẹ mú wa gbàgbé àwọn tí àyè wọn ṣófo láàárín wa.

Oríṣi ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni ó ti la aṣálẹ̀ yìí kọjá. Èkíní ni ti àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọ́n ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1990, tí wọ́n ń gba Algeria àti Agadez, ìlú kan ní àríwá Niger, kí wọ́n tó wọ Nàìjíríà. Wọ́n á dá owó oúnjẹ jọ. Àwọn mélòó kan á ná ọjà lónìí, wọ́n á ra àlùbọ́sà, tòmátì àti dàbínò. Ó di ti àwọn mìíràn lọ́la. Bí oòrùn bá wọ̀, wọ́n á pàgọ́, wọ́n á dáná, wọ́n á sì yẹ omi wò kí wọ́n tó sùn. Bí táyà bá rì sínú iyanrìn, gbogbo wọn ni yóò sọ̀kalẹ̀ láti wà á jáde.

Èkejì ni ọkọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń wọ̀. Ní ọjà Agadez kan náà, wọ́n á ra gààrí àti kẹ́ẹ̀gì omi tí a fi àpò tútù wé kí omi má baà gbóná. Wọ́n á ra igi tí wọn yóò kì bọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti dì mú, nítorí bí ẹnìkan bá já bọ́, ọkọ̀ lè má dúró dè é. Oúnjẹ rere ni gààrí, ṣùgbọ́n omi ni ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ. Awakọ̀ nìkan ni ó mọ ibi tí kànga wà. Òun náà ni ó ń pinnu ìgbà tí a ó dúró.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, a rí òkú 92 ní aṣálẹ̀ Niger, nítòsí ààlà Algeria: ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́, òùngbẹ sì pa wọ́n. Ní ọdún 2015, Niger ṣòfin lòdì sí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Àwọn awakọ̀ sì yà sí ọ̀nà tí ó jìnnà sí kànga. Ní 2023, a fagi lé òfin náà.

Àwọn kan yóò wí pé àìní ni ó ń lé wọn, kì í ṣe àìgbọ́n. Òótọ́ ni, èmi kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ó rìnrìn-àjò. Ṣùgbọ́n àìní kì í pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí kò mọ iye omi tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ó wọ̀ kì í ṣe arìnrìn-àjò mọ́. Ó ti di ẹrù.

Ẹ rántí Hágárì ní orí 21 ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Oúnjẹ àti ìgò omi kan ni Ábúráhámù fi rán an jáde. Omi náà sì tán ní aginjù. Ọlọ́run ni ó fi kànga hàn án. Síbẹ̀, ó yẹ kí òbí tí ó ta ilẹ̀ fi rán ọmọ lọ láìbéèrè ọ̀nà wo ara rẹ̀ nínú ẹni tí ó di ìgò náà fún un.

Àbá mi nìyí. Kí kíláàsì àgbà máa pàgọ́ fún ọjọ́ mélòó kan lọ́dọọdún ní Old Oyo National Park tí ó wà ní àgbègbè wa, lábẹ́ àbójútó olùkọ́ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn ná ọjà Tẹ̀dé, kí wọ́n ṣírò omi, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí a padà. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde san owó rẹ̀. Kí èyí tí ó bá sì ti rí aṣálẹ̀ nínú wa sọ òtítọ́ fún wọn. Ilé ni a ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.