Òùngbẹ Ológbò Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin ará ní Obbo-Aiyegunle, ológbò tí ń ṣọ́ àká wa kò gba owó ọ̀yà lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ òùngbẹ ni a fi ń san oore rẹ̀ fún un.

Àwọn kan a máa wí pé, "Ológbò kì í mu omi." Èmi pẹ̀lú ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ìran ológbò ìgbẹ́ ti ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ti wá, nínú ẹran tí ó bá pa ni ó sì ti ń rí omi. Bí a bá pín eku tútù sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 70 jẹ́ omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí eku bá tán nínú àká, kí ni a ń fún un? Orí ẹja gbígbẹ àti èérún gaàrí! Lóòótọ́, yóò mu omi sí i, ṣùgbọ́n kì í sábà tó èyí tí ẹran tútù ì bá fún un.

Ìtọ̀ rẹ̀ a wá ki, a sì máa di òkúta wẹ́wẹ́ nígbà mìíràn. Akọ ni ó ń jìyà jù, nítorí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ há. Bí ó bá ń lóṣòó, tí ó ń ké, tí ìtọ̀ kò jáde, ẹ má ṣe wí pé àjẹ́ ni. Ẹ gbé e tọ oníṣègùn ẹran lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lè pa á.

Ní tèmi, kí a rẹ ẹja náà kí iyọ̀ rẹ̀ jáde, kí a da omi náà nù, kí a sì bu omi mìíràn sí i, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, èyí tí í máa ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Kí àwo omi mímọ́ wà lẹ́bàá àká pẹ̀lú. Nígbà ọyẹ́, kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.