Tara Ẹni Là Á Kọ́kọ́ Gbọ̀n

Àwọn òwe kan wà tí ojú máa ń ti ènìyàn díẹ̀ láti pa láwùjọ. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tó ní bí iná bá jó ni, tó sì jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹni tí kò fẹ́ yá ará ilé lówó ló sábà máa ń fi sá àsálà. Ọ̀gá tó ti gba àjẹmọ́nú tirẹ̀ tán, tí owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, òun náà mọ̀ ọ́n pa dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe kà á sí òwe ahun, òwe anìkànjẹ, tí abiyamọ tòótọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ sétí. Ìyá wo ni iná yóò jó ọmọ rẹ̀ tí yóò máa gbọn aṣọ tirẹ̀?

Mo fẹ́ gbèjà òwe náà lónìí, inú bàálù tó ń gbé òbí àti ọmọ láti Èkó lọ sí Àbújá ni mo sì fẹ́ dúró sí gbèjà rẹ̀.

Ìrìn àjò yìí ti di ti ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà kan, mọ́tò ni wọn ì bá wọ̀ ní Jíbówú, kí wọ́n gba Lọ́kọ́ja, kí ilẹ̀ sì ṣú bá wọn lọ́nà. Ìbẹ̀rù ajínigbé ti mú kí ẹni tí agbára rẹ̀ gbé e, àti ẹni tí agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé e, máa ṣa owó bàálù jọ. Ẹ dé pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà láàárọ̀, pàápàá ní ẹ̀ka rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MMA2, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007, ẹ ó rí àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kì í ṣòro dá mọ̀. Ọmọ kan wà lẹ́yìn, ọmọ kan ń fa ìró, báàgì wà nílẹ̀ káàkiri, ó sì ti rẹ ìyá kí wọ́n tó dé ìdí káńtà.

Kí bàálù tó gbéra, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ á dúró sáàárín ọ̀nà, á gbé ìbòmú yẹ́lò kan sókè. Á ní bí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá dín kù, irú ìbòmú yìí á já bọ́ láti òkè orí olúkúlùkù; kí a fà á, kí a fi bo imú àti ẹnu, kí ẹni tó bá gbé ọmọ dání sì wọ tirẹ̀ ná kó tó wọ ti ọmọ. Mo ti wà nínú bàálù kan tí ìyá àgbà tó jókòó níwájú mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tí kò bá a lára mu rárá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Ìyá Tóbi, ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn ń wí? Kí n wọ tèmi, kí ọmọ máa wò mí lójú?"

"Màámi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni..."

Màmá ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Òwe nìyẹn! Èyí tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ ni."

Àwa tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni òwe yẹn ń sọ.

Bàálù ńlá lè gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 35,000. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ènìyàn kò lè mí in kó sì wà láàyè. Ẹ̀rọ ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ inú bàálù fún wa, tí ara wa kò fi fura pé ibi tí a wà kì í ṣe ibi tí ọmọ ènìyàn ń gbé. Bí ẹ̀rọ náà bá daṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí ara bàálù bá lu lójijì ní òkè yẹn, àgbà tí ara rẹ̀ le koko kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 lọ tí làákàyè rẹ̀ yóò fi pé láti ṣe ohun tó nítumọ̀. Èyí tó burú jù ni pé kì í dun ẹni tó ń ṣe. Orí rẹ̀ á fúyẹ́, inú rẹ̀ tiẹ̀ lè máa dùn, á máa rò pé kò sóhun tó ṣe òun, títí ojú rẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ wá wo ìyá tó bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi bo òun lójú. Ó ń ti ọwọ́ ìyá dànù, ó ń gbé orí sọ́tùn-ún sósì, okùn ìbòmú ń kọ́ ọ létí. Kí ìyá tó rí i dè, ìṣẹ́jú àáyá tirẹ̀ ti tán, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, àti òun àti ọmọ sì di ẹni tí ẹlòmíràn yóò wá gbà là. Ìyá tó wọ tirẹ̀ ná kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá tiẹ̀ dákú ní ìwọ̀nba àkókò yẹn, ojú ìyá rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣe é lò, yóò fi ìbòmú bò ó nímú, ọmọ á sì tún máa mí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ìbòmú yẹn máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 sí 15, àyè sì gba awakọ̀ láti sáré gbé bàálù sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000, níbi tí a ti lè mí láìsí ìrànlọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé wíwọ ìbòmú kò lẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ẹ̀rọ bàálù ilé iṣẹ́ Southwest kan fọ́ lójú sánmà ní Amẹ́ríkà, àfọ́kù rẹ̀ fọ́ fèrèsé, ìbòmú sì já bọ́. Nínú àwòrán tí àwọn èrò yà, ọ̀pọ̀ ló fi ìbòmú bo ẹnu nìkan, tí imú wọn wà níta. Àgbàlagbà tó ti gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn láìmọye ìgbà ni wọ́n. Bí àgbà tí kò gbé ọmọ dání bá ń ṣì í wọ̀, ẹni tó ń bá ọmọ jìjàkadì ńkọ́?

Àwọn tó ń ṣe bàálù kò sì gbàgbé ọmọ. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ìbòmú mẹ́rin ló wà lókè orí ènìyàn mẹ́ta. Ìkẹrin wà fún ọmọ ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbà kí ìyá méjì tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀ jókòó pọ̀ lórí ìjókòó mẹ́ta kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ jókòó lọ́tọ̀, ẹ má bínú.

Bẹ́líìtì náà ń sọ ohun kan náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè jókòó lẹ́sẹ̀ òbí. Owó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fún un ní bẹ́líìtì kékeré. Bẹ́líìtì yìí kò níbi tí wọ́n ń so ó mọ́ lára àga. Inú bẹ́líìtì ìyá ni wọ́n ń kì í bọ̀. Bí ìyá kò bá de tirẹ̀, ti ọmọ kò rí ohun tí yóò dì mú. Bí wọn kò bá sì fún yín, ẹ de tiyín, kí ẹ gbá ọmọ mọ́ra níwájú rẹ̀. Ẹ má fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo de ẹ̀yin àti ọmọ pọ̀, nítorí bí bàálù bá dúró lójijì, gbogbo ìwúwo yín ni yóò rún ọmọ mọ́ bẹ́líìtì yẹn.

Ohun tí mo ń sọ kò mọ sí ọjọ́ ewu. Ìbòmú kì í já bọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìrìn àjò, ṣùgbọ́n iná kéékèèké máa ń jó òbí lọ́nà kó tó wọ bàálù rárá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá kan á fi ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ sínú ọ̀rá, á ká a dáadáa sísàlẹ̀ báàgì, káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀ á sì wà nílé lórí tẹlifíṣọ̀n. Á di ìrẹsì ọmọ sí kúlà, á ra bisikíìtì àti jíìsì, òun fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan kan kan ẹnu láti àná. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ọyẹ́ lè bo ojú sánmà tí awakọ̀ kò ní rí ojú pápá, tí bàálù aago mẹ́sàn-án á fi di ti ọ̀sán. Òfin NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, fún èrò ní ẹ̀tọ́ sí ohun ìpanu bí ìdádúró bá pẹ́, àti sí ilé ìtura bó bá di láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín. Ṣùgbọ́n kí oúnjẹ yẹn tó dé, ìyá tí ebi ń pa ti gbá ọmọ tó ń béèrè omi lẹ́ẹ̀kẹta létí, ọmọ tí kò jẹ gbèsè.

Ẹ wo ibi àyẹ̀wò. Wọ́n á ní kí ìyá tú ọ̀já, kí ó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, kí ó gbé e lọ́wọ́ gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá. Ọ̀já á wọ inú abọ́ pẹ̀lú fóònù àti bàtà. Ibẹ̀ ni ìyá tó ró ìró yóò ti mọ̀ pé ọ̀já yẹn ló ti ń bá òun di ìró mú láti àárọ̀. Ọwọ́ méjì lọmọ ń fẹ́, ìró náà ń fẹ́ ọwọ́ méjì, èrò sì tò lẹ́yìn. Kí ló dé tí kò wọ kaba tàbí bùbá àti sòkòtò lọ́jọ́ náà? Aṣọ ọmọ ló ń rò.

Etí ọmọ ńkọ́? Èkó sí Àbújá kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ lójú sánmà, bàálù sì ti ń sọ̀kalẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí kó tó balẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ló máa ń dun etí ọmọ jù. Ihò tóóró kan ló so inú etí mọ́ ọ̀fun. Ti ọmọdé tínrín ju tiwa lọ, gbígbé itọ́ mì ló sì ń ṣí i. Ọmọ tó ń sùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan mì. Ó yẹ kí ẹnìkan jí i, kó fún un lọ́mú tàbí omi. Ta ni yóò jí i bí ìyá àti bàbá, tí wọ́n fi gbogbo òru di ẹrù, bá ń han-anrun lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀?

Bí bàálù bá sì wọ inú ìkùukùu, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọmọ kì í wo apá bàálù. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ìyá tó ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" tàbí "Láà ìláhà!" ti sọ fún ọmọ pé ó ti tán. Èyí tó ní "Jẹ́jẹ́, bí mọ́tò ṣe ń bọ́ sí kòtò ni," ọmọ rẹ̀ á padà sídìí bisikíìtì. Ẹni tó bá fẹ́ pa ẹ̀rù ọmọ, kó kọ́kọ́ pa ti ara rẹ̀. Àdúrà kò burú, ẹ gbà á sínú.

Ẹnìkan lè wá sọ pé òwe mìíràn wà tó ta ko eléyìí, pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn méjèèjì kò bára wọn jà. Àgbà tí yóò tún orí ọmọ ṣe ní láti wà lórí ìdúró ná. Òwe iná sọ ohun tí a ó kọ́kọ́ ṣe, òwe ọjà sọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yára ṣe é. Ibi tí àwọn ọ̀gá tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ ti ba òwe iná jẹ́ ni pé wọn kò dé orí ọmọ rárá. Irú wọn wà nínú bàálù: bàbá tó ti de bẹ́líìtì, tó ti so nǹkan mọ́ etí, tó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, nígbà tí ìyàwó ń bá ọmọ mẹ́ta yí lórí ìlà tó tẹ̀ lé e. Gbígbọn iná kúrò lára kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń gbọ̀n ọ́n láti Èkó dé Àbújá, iná kọ́ ló ń gbọ̀n.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tó fẹ́ gbé ọmọ wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì fi káàdì yín sápò kí ẹ tó wá ìwé ọmọ. Ẹ wọ aṣọ tí kò ní dójú tì yín. Ẹ fetí sí òṣìṣẹ́ tó dúró láàárín ọ̀nà, kódà bí gbogbo èrò tó kù bá ń tẹ fóònù. Bí ìbòmú bá sì já bọ́, ẹ fà á, ẹ fi bo imú àti ẹnu tiyín. Lójú ẹsẹ̀, ọmọ ló kàn.