Kápò Kì í Ṣe Àmì Ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀gá tí ń kọ́ ọmọdé ní gìtá, ó sì ń dùn mí wọ akínyẹmí ara: wọ́n ní ẹni tí ó bá fi kápò há ọrùn gìtá rẹ̀, ọ̀lẹ ni, kò mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Kí ni kápò ń ṣe? Ó ń tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ọrùn gìtá lẹ́ẹ̀kan náà ni, tí ohùn gbogbo wọn fi ń gòkè ní ìdajì ohùn fún irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rékọjá. Òótọ́ ni pé a lè fi ìka ìfábẹ̀lá dábùú okùn náà. Ṣùgbọ́n ìka tí ó ti di ẹrú báyìí kò tún lè ṣe iṣẹ́ mìíràn, àwọn okùn tí ó sì yẹ kí a fi sílẹ̀ láìtẹ̀, kí wọ́n máa dún gbọọrọ lábẹ́ orin, kò ní í fọhùn mọ́.

Ẹ wo ilé ìsìn wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìyá àgbà kan a dìde, a dá orin láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí ohùn rẹ̀ bá bọ́ sí B-flat, ọmọ tí ń ta gìtá a fi etí wá a, a sún kápò sí irin kẹta, a tẹ G, orin a sì máa lọ geere. Àbí kí ìyá náà ha ara rẹ̀ lọ́fun nítorí ìgbéraga onígìtá? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní ilẹ̀ Sípéènì, láàrin àwọn onígìtá flamenco, ibi tí ohùn akọrin bá fẹ́ ni kápò ń gbé. Paco de Lucía, ọmọ bíbí Algeciras, àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji, ẹni tí ìka rẹ̀ yá ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, kò fi kápò ṣe ohun ìtìjú. Albert Collins, àgbà olórin blues láti Texas, kò fi tirẹ̀ sílẹ̀. George Harrison fi í sí irin keje nígbà tí àwọn Beatles gba ohùn “Here Comes the Sun” sílẹ̀ ní 1969: ìka rẹ̀ wà ní D, A ni etí ń gbọ́. Ta ni yóò pe àwọn wọ̀nyí ní ọ̀lẹ?

Àṣìlò rẹ̀ wà, n kò jiyàn. Ẹni tí ó bá fún un mọ́lẹ̀ jù, tàbí tí ó gbé e jìnnà sí irin, okùn rẹ̀ yóò ṣì ohùn. Èyí tí ó burú jù ni onígìtá tí kò mọ orúkọ ohùn tí òun ń mú jáde, tí yóò sì ṣi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Nítorí náà, dípò èébú, kí ọ̀gá bi ọmọ náà pé: “Kápò wà ní irin kẹrin, ìka rẹ wà ní C, kí ni à ń gbọ́?” Bí ó bá dáhùn pé E, kí wọ́n jẹ́ kí ó máa ta gìtá rẹ̀ lọ.