Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ohun Tí Malala Fi Kọ́ Wa Nípa Aṣíwájú

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìgbà tí ọmọ kékeré bá fọ èsì tó ya àgbà lẹ́nu la sábà máa ń pa òwe yìí. A ó yin ọmọ náà, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ìdí òwe ló lágbára jù: wọ́n fi ọgbọ́n méjèèjì dá ìlú. Ọgbọ́n ọmọdé tí àgbà kò gbà lò, inú ọmọ ni yóò kú sí. Ọgbọ́n àgbà tí kò sì fetí sí ọmọdé kò lè dá ìlú tó máa rọ ọmọ lọ́rùn láti gbé. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí òwe yìí lóde òní, kó wo Malala Yousafzai.

Ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1997 ni wọ́n bí i nílùú Mingora, ní àfonífojì Swat lórílẹ̀-èdè Pakistan. Olùkọ́ ni Ziauddin bàbá rẹ̀, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Taliban, ẹgbẹ́ agbébọn, gbòde ní Swat, orí rédíò ni wọ́n ti ń halẹ̀ mọ́ aráàlú, wọ́n sì ń fi bọ́ǹbù wó ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n wá pàṣẹ pé bó bá ti di ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2009, ọmọbìnrin kankan kò gbọdọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́.

Lásìkò náà, ẹ̀ka èdè Urdu ti BBC ń wá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí yóò máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́. Malala, ọmọ ọdún 11, ló gbà á ṣe. Orúkọ Gul Makai ni wọ́n fi bò ó láṣìírí. Ó kọ ọ́ pé nínú ọmọ 27 tó wà ní kíláàsì òun, 11 péré ló wá lọ́jọ́ kan. Ó kọ ọ́ pé wọ́n ní káwọn má wọ yunifọ́ọ̀mù wá mọ́, kí àwọn wọ aṣọ ilé, nítorí ẹ̀rù. Ọ̀gágun lè mọ iye ìbọn tó wà ní Swat, òṣèlú sì lè mọ àdéhùn tí wọ́n bá Taliban ṣe. Ọmọ tó jókòó ní kíláàsì ló mọ ọ̀rẹ́ tí kò wá lónìí. Ohun tó dá a lójú ló sọ, kò fi kún un. Ibi tí aṣíwájú ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ta ló jẹ́ kó rí ẹnu sọ̀rọ̀? Bàbá rẹ̀ ni. Láwùjọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ̀ sí ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ, Ziauddin mú ọmọbìnrin rẹ̀ mọ́ra, ó ń mú un dání lọ sáàárín àwùjọ, ó sì ń gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé kí ló ṣe fún ọmọ náà, ó ní òun kàn kọ̀ láti gé ìyẹ́ apá rẹ̀ ni. Ọgbọ́n àgbà ni kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kí òun fún ọmọ láàyè.

Lọ́jọ́ 9, oṣù Kẹwàá, ọdún 2012, agbébọn Taliban kan wọ inú ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó sì yìnbọn fún Malala lórí. Ọmọ ọdún 15 ni. Ìbọn náà ba méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú. Nígbà tó pé ọdún 16, ó dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ó sì sọ pé òun kò kórìíra ẹni tó yìnbọn fún òun, pé òun ń fẹ́ kí ọmọ àwọn Taliban pàápàá lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn irú oró yẹn.

Lọ́dún 2014, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà dá a lọ́lá. Ọmọ ọdún 17 ni, kò sì sẹ́ni tó kéré tó o lọ́jọ́ orí tó tíì gbà á rí. Ẹni tí wọ́n jọ pín in ni Kailash Satyarthi ti ilẹ̀ Íńdíà, ẹni ọgọ́ta ọdún tó ti ń gba ọmọdé sílẹ̀ lóko ẹrú láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọdé kan, àgbà kan, láti orílẹ̀-èdè méjì tó ti bára wọn jagun léraléra. Malala kò sì dá lọ gba ẹ̀bùn náà. Ó mú ọmọbìnrin márùn-ún dání lọ sí Oslo, ọ̀kan nínú wọn wá láti àríwá Nàìjíríà.

Ó ti wá sí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ṣáájú, ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà. Nítorí àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n jí gbé ní Chibok ló ṣe wá sí Àbújá. Ó bá àwọn òbí wọn jókòó, lẹ́yìn náà ló lọ rí Ààrẹ Goodluck Jonathan, ó sì rọ̀ ọ́ pé kó rí àwọn òbí náà lójúkojú. Kí oṣù náà tó parí, Ààrẹ gbà wọ́n lálejò fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àwọn ọmọ wọn ti wà nígbèkùn. Ọmọdé ló rán àgbà létí iṣẹ́ àgbà.

Lónìí, ipò àgbà ti ń kan Malala náà. Owó ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sí Shangla, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Malala Fund, àjọ tó dá sílẹ̀, ń ti àwọn ará ìbílẹ̀ tó ń jà fún ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin lẹ́yìn, títí kan àwọn tó wà ní Nàìjíríà. Ó sì ń sọ̀rọ̀ láìsinmi nípa Afghanistan, níbi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ girama mọ́ àwọn ọmọbìnrin láti ọdún 2021.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọba àti olóyè, ẹ pe àwọn ọmọbìnrin àdúgbò yín jọ, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Owó ni tàbí ọ̀nà tó jìn, ìgbéyàwó àìtọ́jọ́ ni tàbí ọjà tí wọ́n ń kiri, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ wọn dópin, kí ẹ sì fi ohun tí wọ́n bá sọ ṣiṣẹ́.