Ó TÚN FÒ!

Ní 1942, nígbà ogun Hitler, bàálù ogun Amẹ́ríkà 8 balẹ̀ tipátipá sórí yìnyín Greenland nítorí ojú ọjọ́ burúkú. Àwọn ọmọ ogun yè, ṣùgbọ́n yìnyín bo bàálù wọn mọ́lẹ̀. Ní 1992 ni a tó tú ọ̀kan palẹ̀, tí a sì gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 268. Yìnyín ti tẹ̀ ẹ́ wó. Ọdún 10 ni a fi tún un tò ní Kentucky. Ní October 2002, ó fò!

Ṣé ìgbéyàwó rẹ ni yìnyín bò? Má sọ pé ó ti parí. Ọlọ́run inú Jóẹ́lì 2:25 kò yí padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lónìí, kọ́kọ́ sọ pé, “Jọ̀ọ́, dárí jì mí.” Ilé rẹ yóò tún dùn, ní orúkọ Jésù!