Kí Ẹ Tó Nu Ṣéènì Alùpùpù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì létí yín, ṣùgbọ́n inú ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, àwa ará ilé ló sì kàn.

Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé wa ní Gowon Estate nígbà tí mo gbọ́ ìró alùpùpù níwájú ilé. Ìró náà kò lọ, kò sì bọ̀. Ojú kan ló wà. Mo yọjú wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù fún àwọn oníṣòwò, ló gbé e dúró sórí irin ìdúró rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó ti fi í sí jíà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ń yí bírí-bírí. Akísà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ fi nu ṣéènì.

N kò mọ ìgbà tí mo lọgun: "Pa á! Mo ní kí o pa á!"

Ó pa á, ó sì wò mí tìyanu-tìyanu. "Màmá, ẹ má bínú. Ṣé kò sí o? Báyìí ni gbogbo wa ṣe ń fọ̀ ọ́."

Mo ní kí ó wọlé, kí ó lọ wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò yìí, alùpùpù ni ọkọ mi fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ní ọjọ́ kan, ó jókòó ti alùpùpù náà bí ọmọ yìí ṣe jókòó tì í. Ṣéènì fa akísà, akísà fa ọwọ́, ọwọ́ sì bá a dé ibi tí ṣéènì ti ń wọ ara irin eléyín. Kí a tó ṣẹ́jú, orí ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ti lọ. Ìka yẹn ló fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ó tó lè jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì ti gbé aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Èmi ni mo ń ta búrẹ́dì láàárọ̀ kí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ má baà já. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Alùpùpù ṣì pọ̀ ládùúgbò wa. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Alimosho kò sí lára mẹ́fà náà. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọmọ, ọkọ tàbí àbúrò tó ń fi alùpùpù wá oúnjẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ohun tí ọkọ mi kọ́ ọmọ náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn sílẹ̀.

Ó kọ́kọ́ bi í pé: "Níbo ni dúdú tó wà lára rímù yìí ti wá?" Ọmọ náà ní ẹrẹ̀ ni. Bàbá ní ẹrẹ̀ nìkan kọ́. Ọ́ìlì tí a da sí ṣéènì ju bó ṣe yẹ lọ ni ẹsẹ̀ tó ń yí ń fọ́n ká. Ó lẹ̀ mọ́ rímù àti sípókù, iyanrìn títì wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ́ìlì àti iyanrìn tó bá pò pọ̀ lára ṣéènì á di ohun tó ń lọ irin bí òkúta ìlọta. Òun ló ń jẹ ṣéènì àti eyín irin tó gbé e. Inú oríkèé ṣéènì ni ọ́ìlì ti wúlò; èyí tó wà lóde ara rẹ̀, iyanrìn nìkan ló ń kó. Èyí tó tún burú ni ọ́ìlì tí a ti lò, tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí àti ẹ̀rúnrún irin wà nínú rẹ̀.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú jíà, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ bu kẹrosíìnì díẹ̀ sínú abọ́. Ẹ má lo pẹtiróòlù, nítorí ooru rẹ̀ máa ń rìn jìnnà, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò sì lè tanná ràn án. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ṣéènì. Ọwọ́ ni kí ẹ fi máa yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀: táyà ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe ṣéènì, kí ìka yín sì jìnnà sí irin eléyín. Ẹ fi akísà tó ní kẹrosíìnì díẹ̀ nu rímù àti sípókù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ.

Bí ṣéènì bá gbẹ tán, ẹ kán ọ́ìlì tuntun sí apá inú rẹ̀ nísàlẹ̀, títí yóò fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá di alẹ́ mọ́jú, ẹ nu ti òde kúrò. Kí ọ́ìlì má kan ojú táyà, nítorí yóò máa yọ̀ ní kọ́nà. Kí ó má sì wọ inú bíréèkì. Bí ó bá wọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì kí ẹ tó gùn ún. Ẹ dán bíréèkì wò nínú ọgbà kí ẹ tó jáde. Ẹ má da kẹrosíìnì ìdọ̀tí sí gọ́tà tàbí ìtòsí kànga. Omi tí a ń lò nílé ni. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ gbé e fún mẹkáníìkì.

Iṣẹ́ náà gba wọ́n tó wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, rímù ń dán, ọwọ́ ọmọ náà dúdú, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ pé mẹ́wàá. Ó ní: "Bàbá, ẹ ṣeun. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń gun alùpùpù yìí jáde nílé wa, àwa tí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò bi í léèrè rí. A ti fi ọgbẹ́ náà pamọ́ bí ẹni pé ìtìjú ni.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ń gun alùpùpù, ẹ bi í lónìí bí ó ṣe ń nu ṣéènì rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa lójú títì.